Ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti Owó Ìjọba ní Ìkàtè Elégùṣì

Ẹni tí ó bá gba òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ kọjá lónìí, tí ó sì rí i bí ilé alájà mẹ́rin, márùn-ún ti gorí iyanrìn ní Ìkàtè Elégùṣì, ilẹ̀ àwọn ọmọ Kúsẹnlá, kò ní tètè gbà pé kí ọ̀nà yìí tó dé, ẹja, àgbọn àti ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo ọrọ̀ agbègbè náà. Láyé ìgbà náà, iṣẹ́ ni ó máa ń dúró de ọmọ. Bí bàbá bá ń di ojú àwọ̀n tí ẹja fà ya, ọmọ a jókòó tì í, a máa na òwú sí i, títí ọwọ́ tirẹ̀ náà yóò fi mọ̀ ọ́n, kí wọ́n tó gbé àjẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ọmọ tí kò bá bá omi tan, ọ̀dọ̀ ọ̀gá káfíńtà, bíríkìlà tàbí télọ̀ ni wọ́n ń mú un lọ. Wọn a ṣe àdéhùn ọdún tí yóò lò, ọmọ a máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, a máa ru irinṣẹ́ tẹ̀ lé ọ̀gá, títí di ọjọ́ fírídọ̀mù, tí wọn yóò fi obì, oyin àti iyọ̀ ṣàdúrà fún un níṣojú ẹbí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti gbó kí òyìnbó tó dé nìyẹn.

Ọdún 1942 ni ìjọba òyìnbó dá ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀ràn àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ogun Hítílà sì parí ní 1945, tí àwọn sójà wa ń ti Bọ́má bọ̀ wálé, òfin jáde pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ń wáṣẹ́ ní Èkó a lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́fíìsì ìjọba, a sì máa retí ìpè. Ní 1947, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ní Yábàá. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ọmọ apẹja Ìkàtè ní láti wọkọ̀ la ọ̀sà kọjá kí ó tó dé ọ́fíìsì tàbí ilé ẹ̀kọ́ náà, ká má tilẹ̀ sọ ti ìwé tí wọn yóò bi í bóyá ó kà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò ìjọba ni ti àjọ ìgbanisíṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí NDE, tí ìjọba Babangida dá sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, nígbà tí ọ̀wọ́n gógó gbòde, tí àwọn tó jáde Yunifásítì pàápàá ń rìn kiri pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lábíyá. Àjọ náà kò jókòó de ìgbà tí yóò kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun; ó mú ọmọ lọ bá ọ̀gá nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fún ọmọ lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ, ó sì ń san owó ẹ̀kọ́ fún ọ̀gá. Fún àwọn abúlé tí kò ní ọ̀gá, ó di irinṣẹ́ sínú mọ́tò, ó gbé e tọ̀ wọ́n lọ. Ta ni yóò gbọ́ irú ọgbọ́n yìí tí kò ní yìn ín? Àìtó owó ni kò jẹ́ kí ó kárí.

Láàárín àsìkò yẹn, ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ tí ìjọba Gómìnà Jakande là ti sọ ilẹ̀ Ìkàtè di góòlù. Nígbà tí ìjọba sì wó àdúgbò Màrókò ní oṣù keje ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣí lọ sí Ìlàsàn àti Ìkọ̀tà. Iyanrìn bo ẹsẹ̀ omi, àwọ̀n kò bọ́ni mọ́, kíkọ́lé sì di iṣẹ́ ìlú.

Ní 2016, lábẹ́ Gómìnà Ambode, ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin owó àkànṣe ìgbanisíṣẹ́ tí a mọ̀ sí LSETF, wọ́n sì ṣèlérí bílíọ̀nù 25 náírà láàárín ọdún mẹ́rin, láti fi yá àwọn oníṣòwò lówó àti láti fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Síbẹ̀, ẹ wo ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkàtè: ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tí ń fi ìwọ̀n ìtẹ́jú yẹ táìlì wò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Kútọnu tàbí Tógò ló ti wá. N kò bá wọn jà. Iṣẹ́ wọn mọ́. Àwọn tí mo ń bẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà àti àwọn àgbà ààfin Elégùṣì: ẹ kọ orúkọ àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà nílùú sílẹ̀, ẹ fi ọmọ onílẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí owó ìjọba gba ọwọ́ àwọn ọ̀gá náà kọjá.