Ibòòji ló ṣáájú ìwé ní Bolgatanga

Ní ìlú tí mo ti ṣe sẹ́kọ́ńdìrì, ilé ìkàwé kan wà tí a fẹ́ràn, àmọ́ tí kò ṣeé jókòó sí. Ẹ̀rọ amúlétutù ni ẹni tó kọ́ ọ gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Bí iná bá ti lọ, ooru á lé gbogbo wa síta, a ó lọ máa ka ìwé wa lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lójúde. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé ṣé ẹni tó ya àwòrán ilé yẹn tiẹ̀ rò ó pé ènìyàn máa wọ inú rẹ̀.

Nígbà tí mò ń kàwé fún oyè másítà ni mo rí àwòrán ilé mìíràn tó dáhùn ìbéèrè mi. Ilé ìkàwé Bolgatanga ni, ní àríwá Gánà. N kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Bolgatanga jìnnà sí Accra ju 700 kìlómítà lọ, kò sì jìnnà sí ààlà Burkina Faso. Ìlú àwọn ahun-apẹ̀rẹ̀ ni, oòrùn ibẹ̀ sì mú. Ní 1960 ni wọ́n sọ ọ́ di olú-ìlú Upper Region. Lákòókò yẹn, Gánà ti ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìkàwé láti 1950, ìyẹn ọdún méje kí wọ́n tó gba òmìnira, mọ́tò akówèé sì ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ìjọba Kwame Nkrumah fẹ́ kí àwọn ìlú tó jìnnà náà ní ilé tiwọn.

Ẹni tó ya àwòrán ti Bolgatanga ni J. Max Bond Jr., ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Louisville ní 1935. Nígbà tó wà ní Harvard, àwọn kan dáná sun àgbélébùú níwájú ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú láti fi dẹ́rù bà wọ́n. Olùkọ́ kan sì gbà á nímọ̀ràn pé kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, torí pé kò sí ènìyàn dúdú tó lórúkọ nídìí iṣẹ́ ilé yíyà. Kò gbọ́. Ní 1964, ó kó wá sí Gánà, bí W.E.B. Du Bois ti ṣe ní 1961, ó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ìkọ́lé ìjọba, ó sì tún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Kumasi.

Ohun tó ṣe ní Bolgatanga kò ṣòro ṣàlàyé. Ó ya ilé mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó wá fi òrùlé ńlá kan bo gbogbo wọn bí agbòjò. Òrùlé yìí ń dá oòrùn dúró kó tó kan ilé, atẹ́gùn sì ń gba àárín wọn kọjá. Ẹni tó bá mọ bí agbo ilé àwọn Frafra ti rí, tàbí tiwa nílẹ̀ Yorùbá, á mọ̀ pé yàrá tó pọ̀ tó yí àgbàlá ká kì í ṣe àjèjì sí wa. Bond kò sọ pé kí ará Bolgatanga wá fara da ilé òun. Igi máńgòrò wa ló fi kọ́ ilé.

Ní oṣù Kejì 1966, àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah. Síbẹ̀, wọ́n parí ilé ìkàwé náà ní 1967. Ní ọdún yẹn kan náà ni Bond parí iṣẹ́ rẹ̀ ní Gánà. Nígbà tó yá, ó ya ibùdó ìrántí Martin Luther King ní Atlanta. Nígbà tó kú ní 2009, ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò mọ̀ pé ó ti fi nǹkan sílẹ̀ fún wa.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ẹ̀kọ́ yìí ti wà nílẹ̀ wa, síbẹ̀ gíláàsì la ṣì fi ń kọ́ ilé ìkàwé, a ó wá máa wá owó dísù fún jẹnẹrétọ̀. Bí owó dísù bá tán, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì ní àwọn ọmọ òde òní kò fẹ́ kàwé mọ́.

Nígbà mìíràn tí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá gbé àwòrán ilé ìkàwé tuntun wá, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye kọ̀ǹpútà tó máa wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí atẹ́gùn máa gbà wọlé. Ẹ béèrè bóyá ọmọ tí kò ní fáànù nílé lè jókòó síbẹ̀ ní agogo méjì ọ̀sán nínú oṣù Kẹta, láìsí iná, kó sì ka ìwé rẹ̀ parí.