Ọmọlángidi Olùkọ́: Àgbéyẹ̀wò Ètò Tẹlifíṣọ̀n Àwọn Ọmọdé láti Ouagadougou dé Abuja

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ipò ọmọlángidi wò gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ouagadougou la fi ṣe ibùsọ̀, torí pé ìlú náà ti ní tẹlifíṣọ̀n láti 1963, ó sì ti ní àjọ̀dún tíátà òun ọmọlángidi láti 1989. A fi ọmọlángidi ìbílẹ̀ Yorùbá, Mali àti Tiv wé ti Sesame Street àti àwọn ètò tó yọ lára rẹ̀ ní Íjíbítì, Gúúsù Áfíríkà àti Nàìjíríà. Ohun tí a rí ni pé ọgbọ́n ìṣe kò wọ́n ní agbègbè wa. Èdè tí a fi sí ọmọlángidi lẹ́nu, àti àpò tí owó rẹ̀ ti ń jáde, ni wọ́n ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó láàárín àwọn ọmọ tó ń kọ́.

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ 1963, nígbà tí Upper Volta pé ọdún mẹ́ta tó gba òmìnira, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ouagadougou. Volta Vision lorúkọ rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè náà di Burkina Faso ní oṣù kẹjọ 1984, orúkọ iléeṣẹ́ náà yí padà, RTB sì ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí lónìí. Tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ti fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin ṣáájú rẹ̀: ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ìjọba agbègbè yìí fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe lè fi àpótí tuntun náà kọ́ ọmọ ní ìwé. Niger dán an wò láti 1964: wọ́n gbé ẹ̀kọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì fi àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sínú kíláàsì láti máa tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà bí wọ́n ṣe ń wò ó. Côte d'Ivoire ṣe tirẹ̀ ní 1971, láti ìlú Bouaké, ó sì tóbi ju ti Niger lọ fíìfíì. Èdè Faransé ni ẹ̀kọ́ méjèèjì fi lọ. Ti Côte d'Ivoire kógbá sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn tí inú olùkọ́ àti òbí kò dùn sí i mọ́, tí ìnáwó rẹ̀ sì wọni lọ́rùn.

Nàìjíríà gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ètò Tales by Moonlight tí NTA, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1984, àgbàlagbà kan jókòó, àwọn ọmọ yí i ká, ó ń pàlọ́ fún wọn. Àmọ́ olùkọ́ tàbí apàlọ́ tí ó jẹ́ ènìyàn ní ààlà tirẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ojú kì í jẹ́ kí àgbà sọ níwájú ọmọ, àwọn ìbéèrè kan sì wà tí ọmọ kì í lè bi àgbà. Ibẹ̀ ni ọmọlángidi ti ń wọlé.

Ọmọlángidi kí tẹlifíṣọ̀n tó dé

Kò sí ìdí tí ọmọ Yorùbá fi gbọ́dọ̀ rò pé àjèjì ni iṣẹ́ yìí. Ní Kétu, Ìmẹ̀kọ, Ìlaró àti Pọ́tọ̀nóvò, a máa rí ère tí ó ń mira lórí igi tí àwọn oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń gbé sórí. Okùn wà lára ère náà, ó gba abẹ́ aṣọ sọ̀kalẹ̀ dé ọwọ́ oníjó. Bí oníjó bá fà á, ejò á bu ẹran jẹ, àwọn obìnrin méjì á máa gún iyán, tàbí kí àwọn méjì dojú ìjà kọ ara wọn. Oníjó kò ní dá ijó dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí ìlù. Henry àti Margaret Drewal ṣàlàyé iṣẹ́ yìí ní kíkún nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 1983. Àwọn ère wọ̀nyí a máa yin ẹni tó ṣe dáadáa, wọn a sì máa fi aláṣejù ṣẹ̀fẹ̀. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé ní 2001, ó sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 2008.

Ní Mali, Sogo bò ni àwọn Bozo àti Bambara ń pe tiwọn. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú ló ń ṣe é: àwọn ló ń ṣètò rẹ̀, àwọn náà ló sì ń darí àwọn ẹranko onígi àti aláṣọ tí ènìyàn púpọ̀ lè wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo. Ti ìlú Markala wọ inú àkọsílẹ̀ UNESCO ní 2014. Ní ilẹ̀ Tiv, Kwagh-hir ń fi ọmọlángidi kéékèèké sọ ìtàn lálẹ́. Nígbà rògbòdìyàn òṣèlú ọdún 1960 sí 1965, òun ni àwọn ará ìlú fi ń bú aláṣẹ láìdárúkọ. Òun náà wọ inú àkọsílẹ̀ ní 2019.

Nǹkan méjì so àwọn wọ̀nyí pọ̀. Èdè ìlú ni gbogbo wọn ń sọ, ìlú ló sì ń náwó sí i. Bí ọba bá wàjà tàbí tí ìjọba bá yí padà, eré kò ní torí rẹ̀ parẹ́. A ó padà sórí kókó yìí.

Ouagadougou: orí ìtàgé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí Ouagadougou fi ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ yìí yóò ní láti mọ orúkọ méjì. Àkọ́kọ́ ni Jean-Pierre Guingané, ọmọ ìlú Garango tí wọ́n bí ní 1947. Ó dá Théâtre de la Fraternité sílẹ̀ ní 1975, ó sì kọ́ ibùdó àṣà Gambidi sí Ouagadougou. Ní 1989, ó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ FITMO, àjọ̀dún àgbáyé fún tíátà àti ọmọlángidi. Ó kú ní 2011. Pé wọ́n fi ọmọlángidi sínú orúkọ àjọ̀dún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ìpinnu tó nítumọ̀: ní ìlú tí àjọ̀dún sinimá FESPACO ti sọ di ìlú sinimá láti 1969, wọ́n fún ọmọlángidi ní ìjókòó tirẹ̀.

Orúkọ kejì ni Prosper Kompaoré, tó dá Atelier Théâtre Burkinabè sílẹ̀ ní 1978. Ọ̀nà tíátà tí Augusto Boal ti Brazil là sílẹ̀ ló mú lò. Àwọn òṣèré á ṣe eré kan parí, fún àpẹẹrẹ lórí bàbá tó fẹ́ mú ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò nílé ìwé. Wọ́n á tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ẹnikẹ́ni nínú òǹwòran á sì lè dá eré dúró, kó bọ́ síwájú, kó gba ipò òṣèré kan, kó fi bí òun ṣe rò pé ó yẹ kí ó rí hàn. Èdè ìbílẹ̀ ni wọ́n ń lò ní ìgbèríko, torí pé òǹwòran kò lè gba ipò òṣèré ní èdè tí kò gbọ́.

Ní Boromo, lójú ọ̀nà Ouagadougou sí Bobo-Dioulasso, àwọn oníṣẹ́-ọnà ìlú náà bá ẹgbẹ́ Les Grandes Personnes ti Aubervilliers ní Faransé ṣiṣẹ́ pọ̀. Wọ́n ń fi ìwé tí wọ́n rẹ sínú lẹ́ẹ̀ ṣe ọmọlángidi tó ga ju ènìyàn méjì lọ. Ẹnì kan á wọ abẹ́ rẹ̀, á gbé e rù, á sì máa bá a jó káàkiri ìlú. Ìmọ̀ àti ọwọ́ iṣẹ́ tí ètò ọmọdé nílò ti wà nílẹ̀ ní Burkina Faso.

Bí ọmọlángidi ṣe di olùkọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n

Ètò Sesame Street ló sọ lílo ọmọlángidi lórí tẹlifíṣọ̀n di ẹ̀kọ́ gidi. Ní Amẹ́ríkà, Joan Ganz Cooney àti Lloyd Morrisett pe Jim Henson mọ́ra, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1969. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn ló yẹ kí olùṣèwádìí tẹ́tí sí. Àwọn onímọ̀ ìrònú ọmọdé ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe kó ọmọlángidi àti ènìyàn pọ̀ lójú kan, kí ohun tí kì í ṣe òótọ́ má baà rú ọmọ lójú. Wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ètò ìdánwò lọ fún àwọn ọmọ ní Philadelphia nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1969, ojú àwọn ọmọ ń kúrò níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá kan apá tí ènìyàn nìkan wà.

Bí wọ́n ṣe mọ̀ rèé. Edward Palmer, olórí ìwádìí wọn, gbé ìbojú kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àwòrán orí rẹ̀ sì ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá méje ààbọ̀. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ ń kọ ìgbà tí ojú ọmọ bá kúrò lórí ètò lọ sórí àwòrán sílẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ni wọ́n fi tú ètò náà tò. Henson ṣe Big Bird àti Oscar, wọ́n sì fi wọ́n sí àárín àwọn ènìyàn. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló tú àṣìṣe àwọn ọ̀mọ̀wé fó.

Bí wọ́n ṣe ń darí ọmọlángidi náà tún ṣe kókó. Adarí á na apá sókè ju orí rẹ̀ lọ, á ti ọwọ́ bọ inú orí ọmọlángidi tí wọ́n fi fóòmù àti aṣọ onírun ṣe. Ìka mẹ́rin á di àgbọ̀n òkè, àtàǹpàkò á di ti ìsàlẹ̀. Kì í wo ọmọlángidi náà rárá. Ìbojú kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ló ń wò, tó ń fi ohun tí kámẹ́rà ń rí hàn án. Ẹnu ọmọlángidi kì í ṣe ju kó yà, kó sì padé lọ. Ètè rẹ̀ kì í ká bíi ti ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé ohùn mìíràn lé e, yálà Mooré, Dioula, Fulfulde tàbí Yorùbá, kàn ní láti jẹ́ kí sílébù bá yíyà ẹnu rin. Kò sí òṣèré ènìyàn tí a lè yí èdè rẹ̀ padà ní ìrọ̀rùn bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó ń kọ́ ọmọ lóòótọ́? Ní 2013, Marie-Louise Mares àti Zhongdang Pan kó ìwádìí tí a ṣe lórí Sesame Street ní orílẹ̀-èdè 15 jọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó lé ní 10,000. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń wò ó tẹ̀síwájú nínú ìwé àti ìṣirò, nínú ìmọ̀ ìlera, àti nínú bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó yàtọ̀ sí wọn.

Khokha, Kami àti Zobi

Ètò tó yọ lára Sesame Street ní Áfíríkà fi ohun tí ọmọlángidi lè sọ hàn. Ní Íjíbítì, Alam Simsim bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Khokha, ọmọbìnrin tó fẹ́ràn ìwé, ni wọ́n fi gbèjà ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ní Gúúsù Áfíríkà, Takalani Sesame mú Kami jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2002. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, aláwọ̀ òféèfèé, kò ní ìyá, kòkòrò HIV sì wà lára rẹ̀. Ọmọ ènìyàn tí a bá fi ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n yóò máa gbé orúkọ náà kiri àdúgbò títí ayé. Kami lè sọ àìsàn rẹ̀, kó ṣeré, kó bínú, láìsí ẹni tí yóò nàka sí i ní ọjà.

Ní Nàìjíríà, Sesame Square bẹ̀rẹ̀ lórí NTA láàárín ìparí 2010 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2011. Kami wá, wọ́n sì fún un ní alábàáṣe: Zobi, awakọ̀ takisí onírun tó fẹ́ràn iṣu bí nǹkan mìíràn. Zobi ni àwọn ọmọ rí tí àwọ̀n ẹ̀fọn wé mọ́ra nígbà tó fẹ́ kọ́ wọn ní ìdáàbòbò lọ́wọ́ ibà. Iléeṣẹ́ Nàìjíríà ló ṣe é, ọmọ Nàìjíríà ló ń sọ̀rọ̀, ìṣòro ilé wa ló sì ń sọ. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ ọ́, owó ìrànwọ́ USAID ti Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún ló sì gbé e dúró.

Èdè àti owó

Àwa àgbà máa ń sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Faransé tètè mọ èyí. Ní 1974, L'Île aux enfants bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn apá tí wọ́n mú láti inú Sesame Street. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ wọ́n kúrò, tí wọ́n jẹ́ kí Casimir, ẹranko aláwọ̀ ọsàn tí Christophe Izard dá, gba gbogbo ojú. Orílẹ̀-èdè tí kò tòṣì ni Faransé, síbẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọlángidi àyálò tọ́ ọmọ rẹ̀.

Burkina Faso ní nǹkan bí 60 èdè, Mooré ni ó pọ̀ jù lọ. Ní ìparí 2023, àwọn aṣòfin ìgbà ìyípadà tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe: èdè ìbílẹ̀ di èdè ìjọba, Faransé sì di èdè iṣẹ́ lásán. Ètò ọmọdé lórí RTB ni ibi tí òfin bẹ́ẹ̀ lè ti kọ́kọ́ fi ara hàn, torí pé ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì mọ èdè iṣẹ́ kankan. Ìdí mìíràn tún wà. Ní 2023, ilé ẹ̀kọ́ tí a ti tì pa nítorí ogun àwọn agbébọn lé ní 6,000, àwọn tó sì sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù méjì. Ọmọ tí ilé ìwé rẹ̀ ti di ahoro lè rí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò. A rí àpẹẹrẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ètò Ahlan Simsim, tí owó tí MacArthur Foundation fi sílẹ̀ ní 2017, mílíọ̀nù 100 dọ́là, gbé kalẹ̀ fún àwọn ọmọ Síríà tó sá kúrò nílé.

Ìkádìí

Àgbéyẹ̀wò yìí fi hàn pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Sogo bò àti Kwagh-hir wà láàyè títí di òní, torí pé àwọn tó ni wọ́n ló ń náwó sí wọn, tí wọ́n sì ń fi èdè wọn sọ̀rọ̀. Ètò tẹlifíṣọ̀n tó bá gbójú lé ìrànwọ́ òkèèrè wà nínú ewu tí kò sí nínú eré ìbílẹ̀: ní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà ti USAID pa. Nítorí náà, ìdá kan nínú owó tí RTB, NTA àti àwọn tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ wa ń ná lórí ìròyìn ìjọba yẹ kó lọ sórí ọmọlángidi fún àwọn ọmọdé, ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Kí wọ́n gba àwọn oníṣẹ́-ọnà Boromo, àwọn agbẹ́gilére Kétu àti àwọn òṣèré Gambidi sí iṣẹ́ náà. Kí wọ́n sì ṣe bí Palmer ti ṣe: kí wọ́n fi han àwọn ọmọ kí wọ́n tó gbé e jáde, kí wọ́n sì gba ohun tí ojú àwọn ọmọ náà bá sọ.