Ọ̀já Ìkookò: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Nínú Ilé

Ọ̀já ìkookò ni ewéko tí ewé rẹ̀ gùn, tí ó le, tí ó sì nàró ṣánṣán bí idà. Ilà dúdú àti ilà tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ dábùú ewé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ní ṣọ́ọ̀bù ìlú ọba àti ti Amẹ́ríkà, "snake plant" ni wọ́n ń pè é. Bóyá ọ̀kan ti wà ní pálọ̀ àwọn òbí yín láti ìgbà tí ẹ wà ní kékeré. Bóyá wọ́n sì ti pín díẹ̀ fún yín nígbà tí ẹ kó lọ sí ilé tiyín.

Ewéko tí kò ní wàhálà ni, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa á. Kì í ṣe pé wọn kò tọ́jú rẹ̀. Ìtọ́jú wọn ló pọ̀ jù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ fi òwe yìí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka àpilẹ̀kọ yìí.

Orúkọ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú orúkọ náà. Ọ̀já ni aṣọ gígùn tí ìyá fi ń gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Ìkookò ni ẹranko igbó tí ó jọ ajá, tí ó máa ń jẹ òkú ẹran. Ọ̀já ìkookò, ìyẹn ni pé àmùrè ẹranko náà.

Ẹ ṣọ́ra fún ohùn o. Ọ̀já (ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè) ni aṣọ ìgbọ́mọ. Ọjà (ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀) ni ibi tí a ti ń rajà. Ìkookò ni ẹranko, ṣùgbọ́n ìkòkò ni ohun tí a fi ń se ọbẹ̀, tí a sì tún ń gbin òdòdó sí. Bí ohùn bá yẹ̀ lẹ́nu yín, "ọjà ìkòkò" ni ẹ ó sọ, ìyá yín yóò sì rò pé ìṣaasùn ni ẹ fẹ́ lọ rà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yà kan tí ewé rẹ̀ fẹ̀ ju èyí lọ, tí ó ń hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, ni wọ́n sábà máa ń fi orúkọ yìí pè. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìyẹn ní Sansevieria liberica. Èyí tó wà nínú ìkòkò ní ilé yín ni Sansevieria trifasciata. Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ yí orúkọ trifasciata padà sí Dracaena trifasciata. Bí ẹ bá rí orúkọ méjèèjì ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á, ewéko kan náà ni.

Ibi tí ó ti wá

Ọmọ Áfíríkà ni. Láti Nàìjíríà lọ dé Kóńgò ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó kó o lọ káàkiri ayé. Okùn inú ewé rẹ̀ lágbára gan-an. Ní àwọn apá ibì kan ní Áfíríkà, okùn ewé irú rẹ̀ ni wọ́n ń lọ́ láti fi ta ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Okùn orí ọrun yìí ni Yorùbá ń pè ní ọsán, òun ló sì wà nínú òwe tó ní: ọsán já, ọrun dọ̀pá. Ìyẹn ni pé bí okùn bá ti já, ọrun kò ju igi lásán lọ mọ́.

Ní Brazil, "espada-de-são-jorge" ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn idà Jọ́ọ̀jì mímọ́. Àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé àti Umbanda ń pè é ní idà Ògún, nítorí pé ní Rio de Janeiro, Ògún àti Jọ́ọ̀jì mímọ́ ni wọ́n jọ ń so pọ̀. Èyí tí etí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, Ọya ni wọ́n fi í fún. Wọ́n ń pè é ní idà Iansã. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà láti lé ibi lọ. Ní Cuba, ahọ́n màlúù ni wọ́n ń pè é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn sọ ọ́ ní ahọ́n ìyá ọkọ, nítorí ṣóńṣó orí rẹ̀ tó mú!

Omi: ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Ewé ọ̀já ìkookò nípọn nítorí pé omi ni ó ń kó pamọ́ sínú rẹ̀. Lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀, ó tún ní ìdí kan tí ó rí bí atalẹ̀, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ. Omi wà níbẹ̀ náà. Ohun mìíràn tún wà. Ọ̀pọ̀ ewéko ń la àwọn ihò kéékèèké ojú ewé wọn ní ọ̀sán, omi inú wọn a sì máa bá oòrùn lọ. Ọ̀já ìkookò ń pa tirẹ̀ dé ní ọ̀sán, òru tí ilẹ̀ tutù ni ó sábà máa ń là á. Ìdí nìyí tí ó fi lè gbé ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìmu omi.

Nítorí náà, ẹ má fi ọjọ́ bu omi sí i. Iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ bi léèrè. Ẹ ki ìka yín bọ inú iyẹ̀pẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ó bá tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ táútáú, ẹ bu omi sí i dáadáa títí omi yóò fi máa jáde ní ìdí ìkòkò, kí ẹ sì da omi tó wà nínú abọ́ ìsàlẹ̀ nù. Ẹ má da omi sí àárín ibi tí àwọn ewé ti pàdé, torí ó lè dúró síbẹ̀ kí ó sì mú un jẹrà.

Ní ìgbà ooru, èyí lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Ní ìgbà òtútù, nígbà tí oòrùn kì í pẹ́ lójú ọ̀run, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ti tó. Bí ẹ bá ń lọ sílé lọ ṣe Kérésìmesì fún oṣù kan, ẹ bu omi sí i kí ẹ tó lọ. Ẹ má bẹ aládùúgbò pé kó wá máa bomi rin ín. Àánú aládùúgbò ló ń pa á jù.

Bí ó ṣe ń kú nìyí. Bí omi bá kún iyẹ̀pẹ̀, kò sí àyè fún afẹ́fẹ́ mọ́, gbòǹgbò kò sì lè mí. Gbòǹgbò a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Gbòǹgbò tó ti jẹrà kò lè fa omi, ewé a wá rọ̀. Ẹni tó ni ín a rò pé òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, a tún bu omi sí i. Omi tí a fi ṣe àánú ló parí iṣẹ́ náà.

Ìmọ́lẹ̀ àti ooru ilé

Yóò yè ní igun tó ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà kíákíá, omi tí yóò máa mu yóò sì dín kù. Ẹ̀bá fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé dáadáa ló dára jù. Oòrùn ọ̀sán gangan láti inú gíláàsì lè jó ewé rẹ̀. Ooru ilé tó wà láàárín 15 °C sí 30 °C tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 10 °C lọ, òtútù lè bà á jẹ́. Ẹ má fi í sí ìta ní oṣù Kejìlá ní London tàbí Toronto, kí ẹ má sì jẹ́ kí ewé rẹ̀ fara kan gíláàsì fèrèsé tó tutù.

Ìkòkò àti iyẹ̀pẹ̀

Ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò ní ìdí. Ìkòkò amọ̀ dára, nítorí pé ó ń jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ tètè gbẹ, ó sì wúwo tó láti gbé ewé gíga dúró. Ẹ má lo ìkòkò tó tóbi jù. Iyẹ̀pẹ̀ púpọ̀ a máa di omi púpọ̀ mú. Ẹ po ìwọ̀n ilẹ̀dú méjì mọ́ ìwọ̀n kan yanrìn tó rí ṣàkìṣàkì, tàbí kí ẹ ra iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń tà fún cactus.

Lẹ́yìn bí ọdún 2 tàbí 3, tàbí nígbà tí gbòǹgbò bá ti fún mọ́ ìkòkò tí ó sì fẹ́ fọ́ ọ, ẹ gbé e sínú èyí tó tóbi díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ajílẹ̀ díẹ̀ ní ìgbà ooru ti tó. Ní ìgbà òtútù, ẹ má fún un rárá. Ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ tó tutù nu eruku ojú ewé rẹ̀.

Àmì àìsàn

- Ewé rọ̀ ní ìdí, ó ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ń rùn: omi ti pọ̀ jù.
- Ewé hun jọ, ó sì ká wọnú, iyẹ̀pẹ̀ sì gbẹ: òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ ní tòótọ́.
- Ojú ewé ní àbàwọ́n gbígbẹ bí ibi tí iná jó: oòrùn ti le jù.
- Ohun funfun bí òwú wà láàárín ewé: kòkòrò ni. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi ọṣẹ díẹ̀ nù ún kúrò.

Bí ó bá ti ń jẹrà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò. Ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé gbogbo ohun tó ti rọ̀ tó sì dúdú dànù. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ tó tún un gbìn sínú iyẹ̀pẹ̀ tuntun tó gbẹ. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ ewé kan ṣoṣo ló kù tó le, ẹ má jù ú nù. Ewéko tí ìyá yín fún yín ṣì lè ti ara ewé yẹn padà bọ̀.

Bí a ṣe ń pín in

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní ni pé kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò, kí ẹ gé ìdí tó rí bí atalẹ̀ yẹn sí méjì tàbí mẹ́ta, kí apá kọ̀ọ̀kan ní ewé àti gbòǹgbò tirẹ̀. Ẹ wá gbìn ín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Èkejì ni ewé. Ẹ gé ewé kan sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó 7 sí 10 cm. Ẹ ṣe àmì sí ìsàlẹ̀ wọn, nítorí èyí tí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò kò ní hu gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí ẹ tó ki ìsàlẹ̀ wọn bọ iyẹ̀pẹ̀. Ẹ ní sùúrù: gbòǹgbò lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọmọ tuntun sì lè gba oṣù púpọ̀ kí ó tó yọrí.

Ohun kan wà tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Bí tiyín bá jẹ́ èyí tí etí ewé rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ń pè ní 'Laurentii', ọmọ tó bá ti ara ewé gígé jáde kò ní ní etí ìyeyè yẹn mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó jọ ìyá rẹ̀, ìdí ni kí ẹ pín.

Ọmọdé, ajá àti ológbò

Kì í ṣe ewé jíjẹ. Bí ajá tàbí ológbò bá jẹ ẹ́, ó lè bì, kí ó sì yàgbẹ́. Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ẹranko kò ti ní tó o. Bí ẹran ọ̀sìn yín bá ti jẹ ẹ́, ẹ pe dókítà ẹranko.

Ṣé lóòótọ́ ni ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́?

Ẹ ó gbọ́ ọ dáadáa. Ìwádìí NASA ti ọdún 1989 ni ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àpótí kékeré tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti ṣe ìwádìí yẹn. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ méjì tún èsì irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ gbé yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé ewéko tí yóò ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde ń ṣe gbọ́dọ̀ tó 10 sí 1,000 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ẹ gbìn ín nítorí ẹwà rẹ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀

- gbòǹgbò: apá ewéko tó wà lábẹ́ ilẹ̀, tó ń fa omi
- ilẹ̀dú: iyẹ̀pẹ̀ dúdú tó lọ́ràá
- yanrìn: iyẹ̀pẹ̀ etí odò
- ajílẹ̀: oúnjẹ tí a ń fún ilẹ̀ kí irúgbìn lè ṣe dáadáa
- bomi rin: kí a da omi sí ìdí ewéko
- jẹrà: kí nǹkan bàjẹ́, kí ó rọ̀, kí ó máa rùn

Ẹ kà á sókè

Ọmọ: Ẹ káàsán, Mọ́mì. Ọ̀já ìkookò tí ẹ fún mi ti ń rọ̀. Ṣé kí n bu omi sí i?

Ìyá: Rárá o. Ìgbà wo lo bu omi sí i kẹ́yìn?

Ọmọ: Lánàá, Mọ́mì. Mo sì bu ún ní Sátidé náà.

Ìyá: Háà! Omi ti pọ̀ jù nìyẹn. Yọ ọ́, kí o wo gbòǹgbò rẹ̀.

Ọmọ: Àwọn kan ti dúdú. Àwọn kan ṣì le.

Ìyá: Gé àwọn tó dúdú dànù. Tún un gbìn tó bá di ọ̀túnla, kí o má sì bu omi sí i títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé o gbọ́?

Ọmọ: Mo gbọ́, Mọ́mì. Ẹ ṣé.

Ìyá: Má dààmú. Tí ó bá kú, mo ṣì ní òmíràn nílé tí mo lè pín fún ọ.