Pont ẹ̀yìn ọkọ̀ ńlá: ohun tó ń fọ́ ọ, àti bí a ṣe ń fa ọkọ̀ tó bá fọ́

Ẹ̀yin ará Kambolé, Tchamba àti Sokodé, ẹ mọ àwọn camion tó ń ti port Lomé gba ọ̀nà N1 lọ sí Burkina. Tí ẹ bá rí ọ̀kan tó dúró, tí moteur rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí táyà ò yí, ó lè jẹ́ pé pont ẹ̀yìn ló fọ́.

Kí ni pont?
Ó wà láàárín àwọn táyà ẹ̀yìn. Irin eléyín kékeré, pignon, ló ń yí irin eléyín ńlá, couronne. Bí pignon bá ní eyín 10, tí couronne ní 40, pignon á yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí couronne tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eré á dín, agbára á pọ̀. Différentiel tó wà níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí táyà ọwọ́ ìta sáré ju ti ọwọ́ inú lọ tí ọkọ̀ bá ń yà.

Kí ló ń fọ́ ọ?
– Epo pont tó ti jò tán: irin á máa ha irin, á gbóná, á jẹ.
– Ẹrù àpọ̀jù. Òfin UEMOA ti ọdún 2005 ò gbà kí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù 51 lọ.
– Ẹrẹ̀. Táyà kan ń yí lásán, èkejì dúró, awakọ̀ sì ń tẹ gáàsì. Tó bá di ilẹ̀ mú lójijì, eyín á kán.

Dépanneuse pàápàá ò bọ́ níbẹ̀. Ká ní ó gbé tọ́ọ̀nù 5 kọ́ mítà 2 sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn rẹ̀, tí mítà 4 sì wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Iwájú á fúyẹ́ ní tọ́ọ̀nù 2,5, ẹ̀yìn á gba tọ́ọ̀nù 7,5 kún tirẹ̀.

Àmì wo ló ń fara hàn?
Pont á máa hu, ohùn rẹ̀ á yí padà tí ẹ bá tẹ gáàsì tàbí tí ẹ bá fi í sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ «kò!» tí ẹ bá yí vitesse. Ẹ ó rí wóró irin nínú epo tí ẹ bá ṣe vidange. Ẹ má dúró dìgbà tó bá kán ní òkè Alédjo: tí pont bá kán, moteur ò lè bá yín di ọkọ̀ mú mọ́, bíréèkì nìkan ló kù.

Báwo la ṣe ń fà á?
Ẹ kọ́kọ́ fi òkúta tàbí igi ńlá há táyà. Lẹ́yìn náà ni kí mẹkáníìkì yọ demi-arbre méjèèjì, kí táyà lè yí láìfọwọ́ kan eyín tó kán. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, vitesse ò di ọkọ̀ náà mú mọ́ rárá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ rẹ̀ láìhá táyà.

Epo tí ẹ yẹ̀ wò lónìí kò wọ́n tó couronne tí ẹ máa rà lọ́la.