Djenné: Ìlú tí onílé gbọ́dọ̀ máa rẹ́ ilé rẹ̀ lọ́dọọdún, àmọ́ tí kò lè tún un ṣe bó ṣe wù ú

Bí àsìkò òjò bá ti ń súnmọ́ ní Djenné, ìlú kan ní àárín gbùngbùn orílẹ̀èdè Mali, ohun kan náà ni gbogbo onílé máa ń wò: ògiri. Níbo ló ti sán? Níbo ni amọ̀ ti ń ṣí kúrò lára rẹ̀? Ṣé omi òrùlé ṣì ń dà sí ojú títì, àbí ó ti ń ṣàn gba ara ilé?

Ìbéèrè tí ẹni tó bá nílé níbikíbi máa ń bi ara rẹ̀ nìyẹn, yálà Ìbàdàn ló wà tàbí Accra. Ohun tó mú ti Djenné yàtọ̀ ni pé amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ìbílẹ̀ ibẹ̀, tí àjọ UNESCO sọ pé wọ́n súnmọ́ 2,000. Láti ọdún 1988 tí àjọ náà sì ti fi ìlú ọ̀hún sára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, onílé nìkan kọ́ ló ń dáhùn ìbéèrè náà mọ́.

Odò Ọya ló ń gbé ilé wá

Djenné wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí Odò Ọya àti odò Bani, tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀, máa ń kún bò lọ́dọọdún. Odò Ọya kan náà yìí ló máa ń ṣàn dé Lọ́kọ́ja. Òkúta ṣọ̀wọ́n ní agbègbè náà, igi ìkọ́lé kò sì pọ̀. Ohun tí omi bá gbé sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá fà ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń kọ́lé.

Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ bíríkì wọn. Ó máa ń rí roboto bí ìtì igi kékeré, djenné-ferey ni wọ́n sì ń pè é. Nígbà tó di bí ọdún 1930 ni bíríkì onígun mẹ́rin tí wọ́n ń fi férémù ṣe gba ipò rẹ̀. Orúkọ tí àwọn ará ìlú sọ ọ́ ni toubabou-ferey, ìyẹn bíríkì òyìnbó. Títí di òní, àwọn bíríkìlà àgbà máa ń sọ pé ògiri djenné-ferey ló lágbára jù, àwọn ilé àtijọ́ tó ṣì wà lórí ìdúró sì ń jẹ́rìí wọn.

Èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ara ilé ló gba ọgbọ́n jù. Wọ́n á po amọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì àti omi, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó kan, bí ògì ṣe máa ń kan. Ó máa ń rùn gidi. Àmọ́ bí èèpo náà ṣe ń jẹrà ni amọ̀ ọ̀hún ń fà bí ọ̀dà, tí òjò kò fi ní tètè ṣí i. Èyí tí kò bá jẹrà nínú èèpo náà ni kì í jẹ́ kó sán bó bá gbẹ.

Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àwọn igi ọ̀pẹ tó yọrí síta lára mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà. Àkàbà ni wọ́n. Orí wọn ni bíríkìlà máa ń dúró sí bó bá fẹ́ rẹ́ ògiri. Ẹni tó kọ́ ilé náà ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé àtúnṣe ń bọ̀.

Ọba tó dí ojú omi

Ìtàn mọ́ṣáláṣí ọ̀hún fúnra rẹ̀ fi hàn bí ilé amọ̀ ṣe ń kú. Ìtàn ìbílẹ̀ sọ pé Koi Konboro, ọba Djenné tó kọ́kọ́ gba ẹ̀sìn Islam, ló wó ààfin rẹ̀ tó sì fi ibẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí àkọ́kọ́, ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn.

Nígbà tí Seku Amadu, aṣáájú àwọn Fúlàní, gba ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mọ́ṣáláṣí yìí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lójú tirẹ̀, ẹwà rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ibi ìjọsìn. Àmọ́ kò rọrùn fún Mùsùlùmí láti wó mọ́ṣáláṣí. Ohun tí àwọn ará ìlú ń sọ pé ó ṣe ni pé ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ó sì ní kí wọ́n dí ojú ibi tí omi ń gbà kúrò lórí òrùlé. Òjò ló wá bá a ṣe iṣẹ́ tó kù.

Lọ́dún 1828, René Caillié, ọmọ Faransé tó ń rin ìrìnàjò lọ sí Timbuktu, dé Djenné. Ó bá mọ́ṣáláṣí náà tí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́, tí ẹyẹ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti sọ ọ́ di ilé. Láàárín ọdún 1834 sí 1836, Seku Amadu kọ́ mọ́ṣáláṣí mìíràn sí ibòmíràn nínú ìlú.

Èyí tí gbogbo ayé ń wò nínú fọ́tò lónìí kò tíì pé 120 ọdún: ọdún 1907 ni wọ́n parí rẹ̀, lábẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé, tí Ismaila Traoré, olórí ẹgbẹ́ bíríkìlà ìlú náà, sì darí iṣẹ́ ọ̀hún. Òǹkàwé tó bá ń ronú pé ilé tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 700 ọdún lòun ń wò kò jẹ̀bi, torí bí wọ́n ṣe máa ń júwe rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, gbogbo ìlú ló máa ń jáde láti rẹ́ mọ́ṣáláṣí náà. Àwọn ọmọdé á ti fi ẹsẹ̀ po amọ̀ sílẹ̀, àwọn obìnrin á máa pọn omi, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kan á sì máa bá ti àdúgbò kejì sáré ìje ta ni yóò kọ́kọ́ gbé amọ̀ dé. Ọjọ́ ọdún ni.

'Ẹ má pe bíríkìlà mìíràn'

Ti ilé àdáni kò pariwo tó bẹ́ẹ̀. Trevor Marchand, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá láti Yunifásítì London tó bá àwọn bíríkìlà Djenné ṣiṣẹ́ bí ọmọ iṣẹ́, kọ̀wé nípa wọn lọ́dún 2009. Ó ṣàlàyé pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní bíríkìlà tirẹ̀, tí bàbá sì máa ń fi oníbàárà sílẹ̀ fún ọmọ bí ogún.

Bíríkìlà ìdílé mọ ibi tí ògiri ti fẹ́lẹ́, ó mọ yàrá tí bàbá àgbà fi kún ilé, ó sì mọ àdúrà tí wọ́n gbà sí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Torí náà, onílé kì í kàn dìde lọ pe ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ẹni àkọ́kọ́ gbà. Ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ń pè ní barey ton, ló ń parí ìjà irú èyí.

Ṣé kí n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ?

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ onílé ń bèèrè nìyí, ó sì mọ́gbọ́n dání. Kí ló dé téèyàn á máa náwó sórí ohun kan náà lọ́dọọdún, nígbà tí àpò sìmẹ́ǹtì wà lọ́jà?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí ohun méjèèjì ṣe rí. Amọ̀ máa ń fa omi mu, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ bí oòrùn bá ràn. Sìmẹ́ǹtì le, kì í bá amọ̀ wú, kì í sì í bá a sún kì. Kò ní pẹ́ tí á fi sán. Omi á gba ojú ibi tó sán wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, ògiri tó wà lẹ́yìn á wá máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó rí i. Ẹni tó bá ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé alámọ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ́ sí abúlé nílẹ̀ Yorùbá mọ bó ṣe máa ń bó wálẹ̀ bí èèpo lẹ́yìn òjò bíi mélòó kan.

Àwọn kan ní Djenné gbìyànjú ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi táìlì amọ̀ tí wọ́n sun níná bo iwájú ilé wọn. Ó dín iṣẹ́ ọdọọdún kù lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó ń dáàbò bo àjogúnbá kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, torí ó ń bo ẹwà ilé náà mọ́lẹ̀.

Àpọ̀jù amọ̀ pàápàá léwu. Bí wọ́n bá ń rẹ́ tuntun lé ti àná lórí òrùlé, tí wọn kò ha èyí tó ti gbó kúrò, ẹrù tí àjà ń gbé á máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún.

Ọgbọ́n tiwọn ní Kano àti Zaria

Nàìjíríà náà ní irú ọgbọ́n yìí. Nílẹ̀ Hausa, bíríkì tubali, tí ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó, ni wọ́n fi ń mọ ògiri, igi azara tí wọ́n là lára ọ̀pẹ giginya ló sì ń gbé òrùlé, torí ikán kì í lè jẹ ẹ́. Kí òjò má baà wọ ara ilé, wọ́n máa ń rẹ èèpo èso igi irú sómi, wọ́n á fi omi rẹ̀ po amọ̀. Makuba ni wọ́n ń pè é. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kù sínú kòtò aró ní Kano náà kì í ṣòfò. Wọ́n máa ń sun ún, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ láti fi rẹ́lé.

Bíríkìlà tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, Mikaila tí wọ́n ń pè ní Babban Gwani, ìyẹn ọ̀gá àwọn onímọ̀, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí ọjọ́ Jímọ̀ ní Zaria ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àmọ́ nígbà tí sìmẹ́ǹtì àti páànù gbòde, kò sí òfin kankan tó ní kí onílé lásán ní Kano má lò wọ́n, ọ̀pọ̀ ló sì yí padà.

Ilé ta ni?

Ní Djenné, òfin wà. Láàárín ọdún 1996 sí 2003, ìjọba Netherlands fowó sílẹ̀ láti tún nǹkan bí 100 ilé àtijọ́ ṣe. Iṣẹ́ náà gbayì. Àmọ́ bí a bá tún ilé ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àwọn yàrá tóóró tí kò ní fèrèsé tó pọ̀ náà ló máa padà wá. Àwọn onílé ti sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn fẹ́ táìlì nílẹ̀, yàrá tó fẹ̀ àti ilé ìwẹ̀ tó bóde mu, àmọ́ wọn kò jẹ́ kí àwọn ṣe é. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò kórìíra àṣà. Ilé ló fẹ́ gbé.

Omi ẹ̀rọ tún dá kún un. Nígbà tó wọ ìlú, kò sí ọ̀nà tí omi ìdọ̀tí máa gbà jáde. Omi tí wọ́n fi fọ abọ́ àti aṣọ ń dúró sí òpópónà, ó sì ń jẹ ìdí ògiri. Ìyẹn kò dúró de àsìkò òjò.

Ìfura náà kò gbẹ́yìn. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Aga Khan Trust for Culture gun òrùlé mọ́ṣáláṣí lọ wo ohun tó ń ṣe é, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2009, òjò tó wọn mílímítà 75 rọ̀ láàárín wákàtí 24, òkè ọ̀kan lára ilé ìṣọ́ mọ́ṣáláṣí náà sì wó lulẹ̀. Àjọ kan náà tí wọ́n fura sí yìí ló sanwó àtúnkọ́ rẹ̀.

Lọ́dún 2016, UNESCO fi Djenné sára àwọn ibi àjogúnbá tó wà nínú ewu. Ìjà àwọn agbébọn ní àárín gbùngbùn Mali wà lára ohun tó fà á, bí àwọn ilé ṣe ń bàjẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Àwọn àlejò tí owó wọn ń ran ọ̀pọ̀ onílé lọ́wọ́ kò wá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ èèpo ìrẹsì tí wọ́n ń pò mọ́ amọ̀ ti di ohun tí àwọn ọlọ́sìn náà ń rà fún ẹran wọn.

Síbẹ̀, lọ́dún 2024, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló jáde láti rẹ́ mọ́ṣáláṣí náà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Bí wọ́n bá wẹ amọ̀ kúrò lára, tí wọ́n sì padà sílé, ògiri tiwọn náà wà níbẹ̀ tó ń dúró de amọ̀ tirẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.