Aago Bàbá Sàlá: Àṣìṣe Inú Eré Aláwàdà àti Ìtàn Amóhùnmáwòrán

Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n wo eré aláwàdà láyé ìgbà kan ní Ìwó kò ní í gbàgbé aago Bàbá Sàlá. Kì í ṣe aago ọwọ́ bí ti gbogbo ayé. Aago ńlá orí tábìlì, irú èyí tí a máa ń yí kí ó lè dún jí olóorun, ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀, pẹ̀lú awò ojú ràgàjì àti táì ọrùn tí ó tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀rín ni aago náà wà fún. Ṣùgbọ́n ẹrù ni irú aago bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí ń ya eré sínú téèpù. Bí a bá ya apá kan ní òwúrọ̀, tí a sì ya ìyókù ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ aago lè tú àṣírí: òṣèré jáde nílé rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ó wọ ilé aládùúgbò ní aago mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ilé méjèèjì. Irú àìbáramu báyìí, tí ìran kan ń sọ ohun tí èyí tí ó tẹ̀ lé e tako, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ìwó kò jìnnà sí Ìbàdàn, ojú tí àwọn ará ìlú náà sì fi wo eré inú àpótí kì í ṣe ojú àjèjì. Ẹgbẹ́ eré alárìnkiri ti ń ti gbọ̀ngàn kan bọ́ sí òmíràn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú ìgbà náà. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1980, iye ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún. Moses Ọláìyá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wà lára wọn. Olórin ni ó kọ́kọ́ jẹ́ (Sunny Adé ta gìtá nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí òun náà tó dá dúró), kí ó tó di aláwàdà pátápátá, tí àwọn Aláwàdà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí hàn lórí WNTV ní àárín àwọn ọdún 1960.

Lórí ìtàgé, àṣìṣe kì í pẹ́ kí ó tó di ẹ̀rín. Bí fìlà bá já bọ́, bí ilẹ̀kùn pákó bá wó lulẹ̀, òṣèré á bá a wí, òǹwòran á rẹ́rìn-ín, eré á sì máa lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kì í kọ gbólóhùn eré sílẹ̀ tán pátápátá. Ọ̀gá á la ìtàn kalẹ̀, á pín ipò fún oníkálukú, òṣèré á sì wá ọ̀rọ̀ fi kún un láti inú làákàyè ara rẹ̀. Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo rìn tí ó sì bá wọn ṣeré, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2000 bí eré wọn ti ń dàgbà tí ó sì ń yí padà láti ọwọ́ àwọn òṣèré fúnra wọn. Ta ni yóò wá pe ìyípadà bẹ́ẹ̀ ní àṣìṣe? Ohun tí wọ́n sọ ní ìlú kan lálẹ́ àná kò de ohun tí wọn yóò sọ ní Ìwó lálẹ́ òní.

Kámẹ́rà ni ó sọ ọ́ di àṣìṣe. Nígbà tí eré ṣì ń lọ sí orí afẹ́fẹ́ ní tààrà, kò sí ohun tí a lè tún ṣe: ohun tí ó bọ́ ti bọ́. Nígbà tí téèpù dé, èyí tí ilé-iṣẹ́ Ampex ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1956, ìṣòro kò tán. Téèpù náà fẹ̀ tó íǹṣì méjì, owó rẹ̀ ga, abẹ ni wọ́n sì fi ń gé e kí wọ́n tó lè so ìran kan mọ́ èkejì. Ta ni yóò fi abẹ gé irú ẹrù olówó bẹ́ẹ̀ nítorí pé òṣèré kan gbàgbé ọ̀rọ̀? Bí àṣìṣe kò bá ti ba ìtàn jẹ́, fífi sílẹ̀ ni ó dẹ̀rọ̀ jù. Bí òṣèré tí kò ní ìwé lọ́wọ́ bá sì ní ọmọ méjì lọ́sẹ̀ yìí, tí ó ní mẹ́rin lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, kò sí àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò láti tọ́ ọ sọ́nà.

Kì í ṣe àìní ìwé nìkan ni ó ń fa èyí. The Village Headmaster, tí Olúṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán ní Èkó ní ọdún 1968, ní ìwé eré. Síbẹ̀ ọ̀gá ilé-ìwé abúlé Ọjà lo ojú mẹ́ta: Ted Mukoro, lẹ́yìn rẹ̀ Fẹ́mi Robinson, lẹ́yìn rẹ̀ Justus Esiri. Abúlé kò yí padà, ilé-ìwé kò yí padà, ojú ọ̀gá ni ó yí. Àwọn òǹwòran gbà á bẹ́ẹ̀. (Fúnṣọ́ Adéolú tí ó ṣe Olóyè Ẹlẹ́yinmi nínú eré kan náà jọba ní tòótọ́ lẹ́yìn náà ní Òde-Rẹ́mọ, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni.) Ní Amẹ́ríkà, níbi tí owó àti akọ̀wé ti pọ̀, eré apanilẹ́rìn-ín M*A*S*H fi apá mọ́kànlá, láti 1972 dé 1983, sọ ìtàn ogun Korea tí kò ju ọdún mẹ́ta lọ. Dókítà Hawkeye ní ìyá àti arábìnrin ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó di ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka àṣìṣe M*A*S*H lè jókòó wo gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún eré Aláwàdà àwọn ọdún 1960 kò rí ohun púpọ̀ wò. Nítorí ọ̀wọ́n téèpù, wọ́n a máa ya eré tuntun lé orí ti àtijọ́. BBC pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀: púpọ̀ nínú Not Only... But Also, eré apanilẹ́rìn-ín Peter Cook àti Dudley Moore tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1965, ni wọ́n pa rẹ́. Nítorí náà, níbi tí téèpù àtijọ́ kan bá ṣẹ́ kù, kí ẹni tí ń tún un tẹ̀ fún títà má ṣe gé ibi tí òṣèré ti kọsẹ̀, tàbí ibi tí ó ti bú sẹ́rìn-ín láìrò tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti rí i pé wọn kò ka ọ̀rọ̀ náà láti inú ìwé, pé wọn kò ní àǹfààní àtúnyà, àti pé olùdarí gbà pé ó ti tó.

Bí téèpù kò bá sí, ìrántí ni ó kù, ìrántí pẹ̀lú a sì máa ṣe àìbáramu tirẹ̀. Ó wọ́pọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá pé lórí NTA ni àwọn ará Ìwó, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti wo Bàbá Sàlá ní ọdún 1966. Lọ́dún náà Ìwó wà ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ó di ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1967, ti Ọ̀yọ́ ní 1976, kò sì sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991. NTA pẹ̀lú, òfin ọdún 1977 ni ó gbé e kalẹ̀. WNTV ni wọ́n ń wò. Àwọn àgbà gan-an kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwúrí tí WNTV fi ń pe ara rẹ̀, pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, ṣì ń jáde nínú ìwé lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ amóhùnmáwòrán ti ń ṣiṣẹ́ ní Mòrókò ní ọdún 1954.