Ẹni Tó Ń Lọ Ló Ń Wá Arọ́pò

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi ilé-ìwé sílẹ̀ láàárín ọdún ní Èrúwà níbí kì í bi mí bóyá màá dá owó ilé padà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú ẹnìkan wá kó lo èyí tó kù." Kò sí ẹni tó kọ́ wọn, kò sì sí ìwé òfin tí wọ́n ti kà á. Àṣà ni, ó sì lọ́jọ́ lórí ju gbogbo ilé-ìwé gíga tó wà ní Ìbàràpá lọ.

Láyé àwọn bàbá ńlá wa, ẹni tó bá yá owó máa ń fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko ni èlé. Owó gan-an wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá san án. Bí ìwọ̀fà bá sá lọ, gbèsè kò bá a lọ: ẹbí ló máa mú ẹlòmíràn wá. Ìwọ̀fà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ló ń jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ tí a kò jù nù: ẹni tí àdéhùn bá mú, tó sì fẹ́ lọ, á fi ẹnìkan sípò ara rẹ̀.

Owó ilé ní tirẹ̀ kò pẹ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àlejò tó wá dáko ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún fún onílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé baálé tàbí ilé ojúlùmọ̀ ló ń sùn sí, kò sẹ́ni tó ń ka yàrá sí ọjà. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1955, àwọn tíṣà ya wọ ìlú. Àwọn ni bàbá mi kọ́kọ́ gbà sílé. Oṣooṣù ni wọ́n ń gba owó iṣẹ́, oṣooṣù náà ni wọ́n ń san owó ilé, bàbá mi á sì kọ orúkọ oṣù àti iye ṣílè sínú ìwé kan tó fi há àjà. Bí wọ́n bá gbé tíṣà lọ sí Tápà tàbí Àyétẹ̀, á san ti oṣù yẹn, á kó ẹrù sínú lọ́rì, ọ̀rọ̀ ti tán.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó kọ́kọ́ wọ Ìbàràpá kò tilẹ̀ yá ilé. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà wá sí Igbó-Ọrà kí wọ́n lè mọ ìlera ará oko, ibùgbé tí ètò náà pèsè ni wọ́n sì ń gbé. Àwọn ọmọ Pólì ló yí nǹkan padà. Ẹ̀ka Pólì Ìbàdàn wà tẹ́lẹ̀ ní Èrúwà, Ṣakí, Ìrèé àti Ẹ̀sà-Òkè. Nígbà tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, Ìrèé àti Ẹ̀sà-Òkè bá a lọ. Ti Èrúwà dá dúró ní 2014, òun ni wọ́n ń pè ní Adéṣeun Ògúndoyin Polytechnic lónìí. Igbó-Ọrà ti ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tirẹ̀ láti 2006.

Akẹ́kọ̀ọ́ kì í gba owó oṣù. Ìgbà tí ilé-ìwé bá wọlé ni òbí ń fún wọn lówó gọbọi, bí owó ilé ṣe di ti ọdún nìyẹn. Ó sì bá onílé lára mu, nítorí owó díẹ̀díẹ̀ kì í kọ́lé. Owó ọdún tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn ti iwájú ni mo fi ra páànù tí mo fi bo yàrá ẹ̀yìnkùlé. Bí ọmọ kan bá wá ní oṣù kẹrin pé òun rí iṣẹ́ ní Èkó, tàbí pé bàbá òun kú, kò sí ẹni tí yóò san owó ilé-ìwé mọ́, owó rẹ̀ ti wà lórí òrùlé. Ìdí nìyí tí arọ́pò fi rọrùn ju ká dá owó padà lọ. Ẹni tó ń bọ̀ á san iye oṣù tó kù fún ẹni tó ń lọ, wọ́n á san owó iná tó wà nílẹ̀, wọ́n á sì fa kọ́kọ́rọ́ lé ara wọn lọ́wọ́ níṣojú mi.

Àṣà náà ní ibi tó ti ń kùnà. Nígbà tí kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa ní oṣù Ẹrẹ́nà 2020, ta ni ì bá wá gba yàrá? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí ìdánwò ìparí ọdún bá kù díẹ̀. Àwọn ajẹ́ńtì tún wà tí wọ́n máa ń ní kí arọ́pò san kọmíṣọ́ọ̀nù àti owó àgíríìmẹ́ǹtì tuntun lórí oṣù mélòó kan péré. Níbòmíràn, òfin ló ń dá sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí wọ́n ṣe ní 2025 fún ẹni tó yá ilé lọ́wọ́ onílé aládàáni láǹfààní láti fi ìkìlọ̀ oṣù méjì kúrò. Òfin Èkó ti 2011 ní kí onílé má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n Èkó kọ́ ni Èrúwà.

Nítorí náà mo kọ tèmi sínú àgíríìmẹ́ǹtì. Ẹni tó ń lọ lè mú arọ́pò wá, ẹnikẹ́ni kò sì ní gba kọmíṣọ́ọ̀nù lórí rẹ̀. Bí kò bá rí ẹnìkan, tí èmi fúnra mi wá fi yàrá náà fún ẹlòmíràn kí ọdún tó pé, owó oṣù tó kù di ti ẹni tó lọ. Onílé kan ládùúgbò ní mò ń ba ọjà jẹ́. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí yàrá kan ṣe ń gba owó ilé lẹ́ẹ̀mejì fún oṣù kan náà.